Oògùn Kì Í Jí Irúgbìn Tó Ti Kú: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Gbin Sóyà

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń bi wá bóyá oògùn tí a ń pò mọ́ irúgbìn lè gba sóyà tí omi bá nínú ilé là. Ìdáhùn wa ni pé oògùn ń dáàbò bo irúgbìn tó wà láàyè. Kì í jí èyí tó ti kú.

Èèpo sóyà fẹ́lẹ́. Bí omi bá wọ̀ ọ́ pẹ́, á wú, á bu, ọlẹ̀ inú rẹ̀ á sì kú, bí ẹ tilẹ̀ sá a gbẹ lẹ́yìn náà.

Nítorí náà, ẹ dán an wò kí ẹ tó náwó. Ẹ ka 100 hóró láìṣà á, ẹ tò ó sínú aṣọ tútù, ẹ ká aṣọ náà, kí ẹ sì máa wọ́n omi díẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ keje, ẹ ka àwọn tó hù dáadáa. Bí wọ́n bá tó 80, irúgbìn náà dára. Bí wọ́n bá jẹ́ 60 sí 79, ẹ fi hóró kan kún iye tí ẹ ń gbìn sí ihò kan. Bí wọn kò bá tó 60, ẹ wá irúgbìn mìíràn.

Ilẹ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ máa ń tutù, àrùn tó ń mú irúgbìn jẹrà kí ó tó hù sì máa ń wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni oògùn bíi thiram àti metalaxyl ti wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí omi gbẹ ná. Kò sí oògùn tó lè gba irúgbìn tó wà nínú ẹrọ̀fọ̀.

Ẹ tẹ̀ lé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára oògùn náà. Ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́, ẹ bo imú, ẹ pò ó nínú ike tó ní ìdérí, ẹ sì fẹ́ ẹ sí ibòji kó gbẹ. Ìwọ̀nba tí ẹ máa gbìn ni kí ẹ pò.

A mọ̀ pé oúnjẹ wọ́n ní ibùdó. Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ sóyà tí a ti fi oògùn sí, ẹ má sì fún adìẹ tàbí ewúrẹ́. Fífọ̀ tàbí sísè kò lè sọ ọ́ di oúnjẹ. Ẹ má ṣe fi ike náà pọn omi mọ́. Bí ọmọdé bá ṣèèṣì jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú ọ̀rá oògùn náà dání.