Ẹja Tí Ebi Pa, Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Kì Í Tó: Ẹ Wò Ó Kí Ẹ Tó Sanwó

 

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ẹlẹ́ja ló mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ra àrọ̀ láàyè lọ́wọ́ ọlọ́sìn ẹja, ó ń ta pútúpútú nínú dúrọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, mélòó kan ti kú. Ẹja tó bá sì ti kú, owó ẹja ààyè kò sí lórí ẹ̀ mọ́. A máa ń di ẹ̀bi ru oòrùn tàbí omi. Àwọn méjèèjì ń pa ẹja lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ebi tó ti ń pa á láti inú kòtò ló fà á.

Oúnjẹ ló ń gbówó jù nínú ọ̀sìn ẹja. Tó bá ti wọ́n, àwọn kan á fi ebi pa ẹja fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á ní àrọ̀ le, kì í kú. Òótọ́ ni, kì í tètè kú. Ara rẹ̀ ló ń jẹ. Á kọ́kọ́ lo èyí tó tọ́jú sínú ẹ̀dọ̀, á lo ọ̀rá, lẹ́yìn náà ló kan ẹran ara rẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àrọ̀ tí orí rẹ̀ tóbi, tí ara rẹ̀ wá rí tín-ín-rín.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ pupa kì í wà títí. Èyí tó gbó á kú, ara á ṣe tuntun. Inú mùdùnmúdùn egungun ni tiwa ti ń wá. Ti ẹja, apá iwájú kíndìnrín rẹ̀ ni, nítòsí orí. Ara ò sì lè ṣe é láìsí oúnjẹ gidi àti èròjà irin. Bí ebi bá pẹ́, èyí tó gbó ń lọ, tuntun ò tó, ẹ̀jẹ̀ á wá ṣàn bí ọbẹ̀ tí wọ́n bomi là. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ pupa yìí ló ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara. Kí àrọ̀ máa yọrí síta mí bó ṣe wù ú, bí ẹ̀jẹ̀ ò bá tó, afẹ́fẹ́ ọ̀hún ò rí ọkọ̀ wọ̀. Ẹ wá fi gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn ojú ọ̀nà kún un, àti ẹja púpọ̀ nínú omi díẹ̀.

Agbára tí ara fi ń bá àrùn jà náà ń dín kù. Ẹja tí ebi ń pa a máa bu ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ, egbò ọ̀hún kì í sì í tètè jinná.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kí wọ́n má fún ẹja lóúnjẹ fún ọjọ́ kan kí wọ́n tó kó o, ó dáa bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ á mọ́, kò ní yàgbẹ́ ba omi jẹ́ lọ́nà. Ebi ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni mò ń sọ.

Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ mú ẹja kan tàbí méjì, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Ohun tó rí bí ìyarun níbẹ̀, tó fi ń mí nínú omi, ó yẹ kó pupa dáadáa. Tó bá ṣì bí omi tí wọ́n fi fọ ẹran, ẹ ṣọ́ra. Àìsàn náà lè fà á, àmọ́ èyí tó wù kó jẹ́, kì í ṣe ẹja tí à ń gbé lọ sọ́nà jíjìn. Ẹni tó bá ti rà á tán, kó má rò pé oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ kan á dá ẹ̀jẹ̀ padà, ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kó yáa tètè tà á nítòsí.