Òjé Nínú Ilẹ̀: Àlàyé Lórí Pàǹtí Ẹ̀rọ àti Ìbàjẹ́ Ilẹ̀ ní Èkó

Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a ti ta òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Òwe yìí bá kókó iṣẹ́ wa mu. Òjé tó bá ti wọ inú ilẹ̀, ta ni yóò bọ́ ọ? Èròńgbà wa ni láti ṣàlàyé bí irin olóró inú pàǹtí ẹ̀rọ ṣe ń dé inú ilẹ̀, ìdí tí kì í fi í kúrò níbẹ̀, àti ohun tó kan olùkọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Orísun Pàǹtí Náà
Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí Èkó. Wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà àlòkù ẹ̀rọ ayárabíàṣá ló ń gúnlẹ̀ sí èbúté lóṣooṣù, àti pé bí 75 nínú 100 ẹ̀rọ náà ni kò ṣeé tún ṣe mọ́. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Alábà àti Ìkẹjà a máa tún èyí tó bá ṣeé tún ṣe ṣe. Ìyókù a di ti ààtàn.

Bí Irin Olóró Ṣe Ń Wọ Ilẹ̀
Bàbà inú okùn iná ni àwọn tó ń ṣa irin ń wá. Wọn a dáná sun okùn náà kí rọ́bà ara rẹ̀ lè jó dànù. Òjé wà nínú ohun tí a fi so èròjà àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ mọ́ra àti nínú dígí amóhùnmáwòrán àtijọ́. Irin mìíràn, kádímíọ̀mù, wà nínú irú bátìrì kan. Eérú àti èéfín a bà sílẹ̀, òjò a sì pò wọ́n mọ́ erùpẹ̀.

Ewé a máa jẹrà, igi a máa jẹrà, ṣùgbọ́n òjé kì í jẹrà. Kò sí kòkòrò tó lè tú u palẹ̀, iná kò sì lè pa á run. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ amọ̀ àti ilẹ̀dú, nítorí náà òkè ilẹ̀ níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré ló sábà máa ń wà. Ti kádímíọ̀mù yàtọ̀: gbòǹgbò ẹ̀fọ́ a máa fà á mu, pàápàá níbi tí ásíìdì bá pọ̀ nínú ilẹ̀. Omi lè ṣan eruku kúrò lára ewé. Kò lè ṣan ohun tó ti wọ inú ewé.

Ohun Tó Kan Olùkọ́
Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Láti inú ohun kan náà, ara ọmọdé lè gba òjé tó ìlọ́po 4 sí 5 ti àgbàlagbà. Ọpọlọ ló ń bà jẹ́, ìyẹn ni pé ìwé kíkọ́ ọmọ náà ló kọ́kọ́ ń forí fá a. Ọmọ tí a ń pè ní olódo ní kíláàsì, ó lè jẹ́ pé òjé ló ń bá a jà.

Ìgúnlẹ̀
Ní ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ìlànà òfin lórí ẹ̀rọ oníná àti pàǹtí wọn. Síbẹ̀, òfin kì í bọ́ òjé kúrò nínú ilẹ̀. Híhú òkè ilẹ̀ náà kúrò sì gba owó púpọ̀. Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí olùkọ́ kọ́ ọmọ láti máa fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun, kí ó sì yẹra fún ibi tí wọ́n ti ń sun okùn iná. Kí a má gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Kí àwọn tó ń wá bàbà máa bó okùn náà dípò kí wọ́n máa sun ún. Ó sàn kí a má ta òjé bọ ilẹ̀ lọ́wọ́ rárá ju kí a máa wá ẹni tí yóò bọ́ ọ lọ.