"Ẹ", "Wọ́n" àti Ọ̀wọ̀ nínú Ìwé Ìdánwò

Àṣà kan ti mọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń yẹ ìwé ìdánwò wò lára. Bí ọmọ bá kọ lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ sí bàbá rẹ̀, tí ó sì lo "o" níbi tí a ti ń retí "ẹ", kíá ni a ó fa igi pupa sí i, a ó sì kọ "kò lọ́wọ̀" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí a yẹ ìdájọ́ yìí wò dáadáa.

Lóòótọ́, nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, arọ́pò-orúkọ ọlọ́pọ̀ ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà: "ẹ" fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, "wọ́n" fún ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́ ni a gbé púpọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò kà, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ka-èdè ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ níbí kò jìnnà sí Iléṣà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Èkìtì kò wọ́n ní kíláàsì wa. Ní ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wọn, arọ́pò-orúkọ ẹlẹ́yọ ni a fi ń bá òbí ẹni sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ó ti kúnlẹ̀ tàbí kí ó ti dọ̀bálẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Ọwọ́ méjèèjì ni ó fi ń gba ohun tí àgbà bá fún un. Kò sì jẹ́ pe àgbà lórúkọ.

Kódà, níbi tí "ẹ" ti gbilẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ni ó ń tọ̀ lẹ́yìn. Ìyàwó ilé a máa pe ọmọdé tí ó bá nílé ọkọ ní "ẹ", kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó ń ki oríkì ọba, "ìwọ" ni yóò máa wí, inú ọba yóò sì máa dùn.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan láti ìlú yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè kọ ọ́ pé: "Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí jẹ Ọọ̀ni ní 1930, ó sì wàjà ní 1980." Òmíràn lè kọ "wọ́n sì kú ní 1980." Ta ni ó bọ̀wọ̀ fún ọba? Lójú tèmi, ẹni àkọ́kọ́ ni, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó gbé ọ̀wọ̀ náà dání. Ìtàn ni ó ń kọ, kò bá ọba sọ̀rọ̀. Kò yẹ kí a yọ máàkì rẹ̀ nítorí "ó".

Àṣìṣe tí ó yẹ kí a máa mú ni ìdàpọ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, fi owó ránṣẹ́ sí mi" kò tọ́. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi owó ránṣẹ́ sí mi" ni. Ọmọ tí ó bá lo "o" láti òkè dé ilẹ̀ lẹ́tà, ẹ̀ka-èdè ilé rẹ̀ ni ó kọ: kí a yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ ìlò èdè, kí a má yọ ọ́ lórí gbogbo ìlà. Ẹni tí ó sì kún lẹ́tà rẹ̀ fún "ẹ", tí kò kí bàbá kú iṣẹ́, tí kò béèrè àlàáfíà ìyá, tí owó ni ó fi bẹ̀rẹ̀ tí owó ni ó sì fi parí, òun gan-an ni igi pupa "kò lọ́wọ̀" tọ́ sí.