Laptop olójú ńlá: ṣé dandan ni 4K?

Ọ̀rọ̀ laptop ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹni tó bá ń lọ sí Banex tàbí Emab ní Wuse 2 láti ra tókùnbọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kó gbọ́ eléyìí tán kó tó kówó sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wá èyí tí ojú ẹ̀ fẹ̀, ínǹṣì 17, torí ìwé ìṣirò ọjà, àti torí pé ojú ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìyẹn dáa. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní, "Màmá, 4K ni eléyìí o!" Owó á sì gun òkè. Kí ni 4K yẹn gan-an?

Ẹ wo aṣọ òfì. Aṣọ méjì lè fẹ̀ bákan náà, kí òwú ọ̀kan ki, kí ti èkejì tín-ín-rín, kó sún mọ́ra. Fífẹ̀ wọn ò yàtọ̀, ìhun ló yàtọ̀. Bí ojú laptop ṣe rí nìyẹn. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké ni wọ́n fi hun ún, pixel ni wọ́n ń pè é. Resolution ni iye pixel tó wà ní ìbú àti ní òòró.

Lórí ojú ínǹṣì 17.3, àwọn HP kan wà tó jẹ́ 1600×900. Pixel bíi 106 ló wà nínú ínǹṣì kan, ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà á máa rí págunpàgun. 1920×1080, tí wọ́n ń pè ní Full HD, ní 127. 2560×1440 ní 170. 4K, ìyẹn 3840×2160, ní nǹkan bíi 255. Tẹ́ ẹ bá ka gbogbo pixel 4K pọ̀, ìlọ́po mẹ́rin ti Full HD ni.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ rèé. A máa ń rò pé tí pixel bá ti pọ̀, ìlà Excel tá a máa rí á pọ̀ sí i. Ì bá rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ lẹ́tà á kéré débi pé ẹ ò ní lè kà á. Ìdí nìyẹn tí Windows fi máa ń fẹ lẹ́tà náà padà, Scale ni wọ́n ń pè é. Tẹ́ ẹ bá fi Scale 4K sí 200%, iye ìlà tẹ́ ẹ máa rí ò ju ti Full HD ní 100% lọ. Lẹ́tà á kàn mọ́ geere ni. Owó dídán lẹ san yẹn, kì í ṣe owó àyè.

Ta ló wá nílò ẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya fọ́tò, tẹ́ ẹ ń ṣe káàdì ìpè àti flyer, ó tọ́ sí yín. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé invoice, Excel àti WhatsApp ni iṣẹ́ ẹ̀, Full HD ti tó. Bí apá ẹ̀ bá ká 2560×1440, ó tún dáa jù. Ẹ má ṣáà gba ohun tó rẹlẹ̀ ju Full HD lọ. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi kún ọjà.

Ẹ tún ro ọ̀rọ̀ iná. 4K ń mu bátìrì ju Full HD lọ, bẹ́ẹ̀ NEPA ò gba àṣẹ lọ́wọ́ wa kó tó mú iná lọ. Tó bá sì fọ́, owó tí wọ́n á fi pààrọ̀ ojú ẹ̀ ò kéré. Àwọn software ìṣirò àtijọ́ kan náà kì í bá Scale rẹ́, wọ́n á máa rí bàìbàì.

Ẹ má fi orúkọ nìkan rà á o. Dell Precision 7710 wà tó jẹ́ Full HD, òmíràn wà tó jẹ́ 4K. Bẹ́ẹ̀ náà ni HP ZBook 17 G3. Àwọn kan á tún ní "ó ń gbé 4K", àmọ́ tó bá jẹ́ pé wọ́n fi wáyà HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ni.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó:

1. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún mọ́ọ̀sì sórí ojú òfìfo, ẹ tẹ Display settings, ẹ wo Display resolution. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ Recommended sí lára lẹ wò. Tí kò bá bá ohun tí wọ́n sọ mu, ẹ má tíì sanwó. Tí wọ́n bá ní driver ni kò sí níbẹ̀, kí wọ́n fi sí i lójú yín.

2. Ẹ mú Excel tiyín dání nínú flash. Ẹ ṣí i, ẹ jókòó bẹ́ ẹ ṣe ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kà á.

3. Ẹ ṣí ojú ìwé funfun, ẹ wò bóyá ìlà tàbí àmì dúdú wà lójú ẹ̀.

4. Ẹ yọ ṣájà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ wo bí bátìrì ṣe ń sọ̀kalẹ̀.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó ju voice note sílẹ̀. Ọjà á tà o, a ò ní fi owó ra ẹjọ́.