Girgam Borno àti Ìtọ́jú Ìtàn Ìran

Ìtàn ìran ni ìmọ̀ nípa àwọn tó bí wa, ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá àti ohun tí ojú wọn rí. Láàrin àwa Yorùbá, orúkọ, oríkì orílẹ̀ àti ìtàn ẹnu àwọn àgbà ló ń gbé ìmọ̀ yìí láti ìran dé ìran. Ní ààfin Ọ̀yọ́, àwọn arọ́kin ni iṣẹ́ náà wà níkàáwọ́ wọn. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ọ̀nà tí àwọn ará Borno gbà ṣe tiwọn wò, kí a lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀.

Girgam ni àwọn Kànúrí ń pe àkọsílẹ̀ ìran àwọn ọba. Èyí tó lókìkí jù ni ti ìdílé Sayfawa, tí wọ́n jọba ní Kanem, lẹ́yìn náà ní Borno, fún ohun tó lé ní 700 ọdún. Èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì gùn. Ó dárúkọ àwọn ọba, ó sọ iye ọdún tí wọ́n lò lórí oyè, ó sì sọ ibi tí wọ́n kú sí. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti ìṣáájú, ó tún dárúkọ ìyá ọba àti ìran tí ìyá náà ti wá. Èyí kò ní ya ẹni tó gbọ́ oríkì lẹ́nu, nítorí kíki ọmọ kì í kún bí a kò bá kì í dé ilé ìyá rẹ̀.

Ní 1846, wọ́n pa ọba tó kẹ́yìn nínú ìdílé Sayfawa, agbára sì bọ́ pátápátá sọ́wọ́ Shehu Umar, ọmọ al-Kanemi. Ìdílé al-Kanemi yìí ló ṣì wà lórí oyè ní Maiduguri títí di òní. Nígbà tí Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ọmọ Jámánì, dé Kukawa ní 1851, ó kọ ọ́ pé ìjọba tuntun ń run àkọsílẹ̀ ìdílé àtijọ́ níbikíbi tí ọwọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, ó rí ẹ̀dà girgam gbà. Nítorí pé ẹ̀dà wà níbòmíràn ni ìwé náà kò fi parun, tí òpìtàn Dierk Lange sì fi lè tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú àlàyé ní 1977.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wa. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó fi ránṣẹ́ sí ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀. Ó jáde ní 1921.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ìtàn ìran ni ó ní ẹ̀rí. Girgam tọ́ka ìran Sayfawa dé ọ̀dọ̀ Sayf, ọmọ ọba Yẹ́mẹ̀nì. Ọ̀pọ̀ òpìtàn kò gba èyí gẹ́gẹ́ bí òtítọ́. Síbẹ̀, ó fi hàn wá irú ẹni tí ìdílé náà fẹ́ kí a mọ̀ wọ́n sí. Nítorí náà, kí akọ̀wé ìdílé má ṣe pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́. Kí ó kọ ẹni tó sọ ọ́ àti ìgbà tó sọ ọ́, kí ó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ojú rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọba nìkan. Láti 2009 ni ogun ti ń lé àwọn ará abúlé Borno wá sí Maiduguri, tí àgbà ń kú jìnnà sí ilẹ̀ tí ìtàn rẹ̀ wà lórí wọn. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, omíyalé wọ ìlú náà, ó sì ba ilé àti ẹrù jẹ́. Ogun ń tú àwọn tó gbọ́ ìtàn ká, omi sì ń ba ìwé jẹ́. Kò yẹ kí a gbára lé ọ̀kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ìtàn ìdílé rẹ̀, kí ó tọ àgbà lọ nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń sọ̀rọ̀. Kí ó béèrè orúkọ baba àti ti ìyá, ibi tí a sin wọ́n sí, àti oríkì wọn. Kí ó gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó sì pín ẹ̀dà fún ẹbí ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.