Ọjọ́ Kan ní Aké: Nígbà Tí Ìwé Ìtàn Di Ilẹ̀ Tí A Fẹsẹ̀ Tẹ̀

Ẹ̀yin òbí, ìgbà wo ni ẹ gbọ́ tí ọmọ yín ka ìwé Yorùbá sókè kẹ́yìn? Kí ẹ tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tiwa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, màmá wa àgbà, tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú wa ní Ayétòrò, pe ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún 11. Ojú màmá ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n na Bíbélì wọn sí ọmọ náà pé kó ka Sáàmù kan fún àwọn kí àwọn tó sùn. Ọmọ gba ìwé, ó wò ó títí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Kò lè ka ẹsẹ kan já. Màmá rọra gba Bíbélì wọn padà, wọ́n ní, "Kò burú, ọmọ mi. Èyí tí mo mọ̀ sórí á tó mi."

Wọn kò bá ọmọ wí, wọn kò sì bá wa wí. Ṣùgbọ́n oorun kò kùn wá ní òru ọjọ́ náà. Àwa tí a ń dúró lórí àga ìwàásù, tí a ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ti ń tọ́ ọmọ, ọmọ tiwa kò lè ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí ìyá wa létí ní èdè tí ìyá gbọ́!

Nígbà tí a wádìí ọ̀rọ̀ náà, a rí i pé ẹ̀bi wa ló pọ̀ jù. Lóòótọ́, ní ilé ẹ̀kọ́ wọn, ẹni tó bá sọ Yorùbá á san owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n nílé ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni àwa náà fi ń pè wọ́n wá jẹun. Àwọn ìtàn tí màmá pa fún wa ní kékeré, a kò ráyè pa wọ́n fún àwọn ọmọ wa. Ìpàdé ni lónìí, àìsùn ni lọ́la. Ó sì ti tó ọdún méjì tí a ti ń ṣèlérí pé a ó mú wọn jáde lọ gba afẹ́fẹ́.

A fi ìwé ṣáájú ẹsẹ̀

Ìyàwó wa ló mú àbá wá. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí a mú wọn lọ sí ibi tí ìtàn inú ìwé ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀."

Ibẹ̀ kò jìnnà sí wa. Aké ní Abẹ́òkúta ni. Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí ní 1934, kọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ níbẹ̀ sínú ìwé tó pè ní Aké, èyí tó jáde ní 1981. Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá. A kì í fẹnu kò pẹ̀lú òǹkọ̀wé náà lórí gbogbo ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n inú ọgbà ìjọ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Pétérù Mímọ́.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn àdúrà alẹ́, a ń ka díẹ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ wa àgbà á ka ojú ìwé kan, àbúrò rẹ̀ obìnrin á tiraka ka ìlà mélòó kan, àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún 6, á máa béèrè ìbéèrè. Èyí tó dùn mọ́ ọn jù ni ìgbà tí ọmọdé inú ìwé náà tẹ̀ lé ìlù àwọn ọlọ́pàá láti Aké títí dé Ìbarà, tí kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́. "Ṣé wọ́n nà án nígbà tó délé?" A ní kó dúró de ọ̀la.

Láti Ayétòrò dé Aké

Ní ọjọ́ Sátidé kan nígbà ìsinmi, a se ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín sínú kúlà, a sì gbéra. Màmá ní àwọn kò ní jókòó sílé. A kọjá lórí afárá Láfẹ́nwá, odò Ògùn ń ṣàn lábẹ́ wa, ó di Aké.

Kí a tó paná ọkọ̀ ni àbíkẹ́yìn ti ń béèrè: "Níbo ni ìlù yẹn gbà?" A fi ọ̀nà tó lọ sí Ìbarà hàn án. Ó ní òun náà á rìn ín. A jọ rìn díẹ̀, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó dúró, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Dádì, ó jìnnà o! Ó sọnù lóòótọ́!" Ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò lè ṣàlàyé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà a padà sí ọ̀dọ̀ ìjọ Pétérù Mímọ́, a jókòó lábẹ́ ibòòji, a sì pa ìtàn kejì fún wọn, èyí tó ṣáájú ti Ṣóyínká.

Ní 1821, ogun kó ọmọkùnrin kan ní Òṣogùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ní 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti mọ̀wé, ibẹ̀ ló ti mọ Olúwa. Àjàyí ni, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1846, òun àti Henry Townsend wá ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún yẹn kan náà ló fojú kan ìyá rẹ̀, Afala, lẹ́yìn ọdún 25! Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánnà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì. Àjàyí yìí ló túmọ̀ ìwé Róòmù tó jáde ní Yorùbá ní 1850, òun náà ló sì ṣe aṣáájú iṣẹ́ tó bí odindi Bíbélì Yorùbá ní 1884.

Màmá mi orí. Wọ́n ní, "Nítorí náà, ọmọ ló mú ọ̀rọ̀ náà wá fún ìyá."

Kò sẹ́ni tó fèsì. Ọmọ wa obìnrin ń wo ilẹ̀.

A fi kún un fún wọn pé ní ìlú yìí kan náà ni Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní 1859, kí àwọn ènìyàn lè ní ohun tí wọn yóò máa kà ní èdè wọn. A sì rán wọn létí ibì kan nínú ìwé Ṣóyínká, níbi tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà, tí Wọlé kékeré náà sì bá wọn kọ́ wọn.

Kí a tó kúrò, a dé Olúmọ. Màmá jókòó sísàlẹ̀, àwọn ọmọ gun òkè. Àbíkẹ́yìn béèrè ohun tí àwọn Ẹ̀gbá wá ṣe lábẹ́ òkúta. Ọkàn wa lọ sí Jóṣúà orí kẹrin, níbi tí a ti to òkúta jọ létí Jọ́dánì kí àwọn ọmọ lè béèrè ìdí rẹ̀. Òkúta kì í sọ̀rọ̀. Òbí ló gbọ́dọ̀ dáhùn.

Lẹ́yìn tí a délé

A kò ní purọ́ pé iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ wa wọ yàrá màmá lọ láìjẹ́ pé a rán an. Sáàmù kẹtàlélógún ló ṣí. Ó ń kà á bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn Olúmọ, ó ń sinmi lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi tí ó yẹ kó pe "ọ̀gọ," ó pè é ní "ògo." Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe ògo, ọ̀gọ ni! Kùmọ̀ tí olùṣọ́-àgùntàn fi ń lé ẹranko burúkú. Bàbá mi ní ọ̀kan." Ọ̀rọ̀ ọ̀gọ wá di ìtàn bàbá màmá, ìtàn náà kò sì tán títí iná fi lọ.

Ẹ̀yin ará wa ní Yewa, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju àwọn mìíràn lọ. Láti 1889 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà, àwọn ọmọ ìyá wa ní Kétu àti Pọ́bẹ̀ ń kọ́ Faransé, àwọn tiwa ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá pàdé níbi ìgbéyàwó tí wọn kò sì gbọ́ Yorùbá mọ́, kí ni wọn yóò fi kí ara wọn?

Nítorí náà, ẹ má dúró de owó ńlá. Ẹ wá ibì kan tí ó ní ìtàn nítòsí yín. Ẹ ka ìtàn náà fún àwọn ọmọ kí ẹ tó lọ, nítorí ẹni tí kò gbọ́ ìtàn, òkúta lásán ni yóò rí. Ẹ mú àwọn àgbà dání, kí ẹ sì fi fóònù sápò. Bí ẹ bá padà, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ròyìn rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní Yorùbá, bó tilẹ̀ ń kólòlò.

Ọmọ tí Ọlọ́run fún wa ni yóò ka ọ̀rọ̀ sí wa létí nígbà tí ojú wa náà bá ṣe bàìbàì. Kí Olúwa má jẹ́ kí a na Bíbélì sí wọn lásán. Àmín.