Windows Ní Òun Ò Mọ̀ Yín Mọ́? Ẹ Kọ́kọ́ Wo Aago Kọ̀ǹpútà Ná

Bí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí kọ̀ǹpútà pọ̀ sí, bóyá ilé-ẹ̀kọ́, ọ́fíìsì tàbí ibùdó ìdánwò, ẹ ó ti rí ọ̀rọ̀ kan rí ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, lápá ọ̀tún: "Activate Windows". Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé owó ni Windows ń béèrè. Nígbà míì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe káàkiri Ṣàgámù, láti Mákùn dé Sábó, mo ti rí i pé àwọn tó ti sanwó gan-an náà máa ń bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń fà á.

Kí ni ìfọwọ́sí yìí?

"Activation" tí wọ́n ń pè yìí, ìfọwọ́sí ni èmi máa pè é. Ọdún 2001, nígbà tí Windows XP jáde, ni Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ fún Windows. Ẹ ó tẹ kọ́kọ́rọ́ onílẹ́tà àti nọ́ńbà 25, kọ̀ǹpútà yín á sì kàn sí Microsoft. Wọ́n yọ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ nígbà náà: kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tó fún gbogbo kọ̀ǹpútà wọn, kò sì ní láti kàn sí ẹnikẹ́ni. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ọ̀kan nínú àwọn kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ bọ́ sí ìgboro, ó sì tàn ká gbogbo ayé. Nígbà tí Windows Vista dé, wọ́n yí ètò náà padà.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ báyìí:

- OEM: kọ́kọ́rọ́ náà bá kọ̀ǹpútà wá láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Láti ìgbà Windows 8, inú kọ̀ǹpútà gan-an ni wọ́n sábà máa ń fi pamọ́ sí.
- MAK: kọ́kọ́rọ́ kan tó ní iye ìgbà tí ẹ lè lò ó, bíi káàdì ìpè. Tó bá ti tán, ó tán nìyẹn.
- KMS: sáfà kan nínú ilé-iṣẹ́ yín ló ń fọwọ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù.

KMS yìí ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Ẹ fi wé ọkọ̀ ní gáréèjì: dírẹ́bà ò ní gbéra àfi tí èrò bá pé. Kọ̀ǹpútà 25 gbọ́dọ̀ ti kàn sí sáfà náà kó tó fọwọ́ sí ẹyọ kan. Tó bá sì fọwọ́ sí i, kì í ṣe títí ayé. Ọjọ́ 180 péré ni. Kọ̀ǹpútà á máa padà lọ bá sáfà ní ọjọ́ méje-méje, kó lè bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ 180 míì.

Kọ̀ǹpútà mọ́kànlá tó kọ̀ jálẹ̀

Ilé-ẹ̀kọ́ kan nílùú yìí pè mí nígbà tí ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ku ọjọ́ mẹ́rin. Nínú kọ̀ǹpútà 40, 11 ò rí ìfọwọ́sí gbà mọ́. Ọmọkùnrin kan ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú fláàṣì rẹ̀. Ó ní kí wọ́n pa antivirus, òun á fi "activator" sí i, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa tán. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní, "Ẹnjiníà, ìdánwò ló ń bọ̀ yìí o, ẹ jẹ́ kó bá wa ṣe é kíá." Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìdajì wákàtí. Orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni máàkì gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wọn wà.

Mo ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, mo tẹ `slmgr /dlv`. Ó kọ "VOLUME_KMSCLIENT" jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní sáfà tirẹ̀, wọ́n sì ti sanwó. Mo wá tẹ `slmgr /ato` kí kọ̀ǹpútà tún béèrè ìfọwọ́sí. Nọ́ńbà tó gbé wá ni 0xC004F06C. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọjọ́ àti àkókò tó wà lára ìbéèrè náà kò bá ti sáfà mu.

Mo wo aago. Mẹ́sàn-án nínú wọn, ọjọ́ tó ti kọjá láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ló wà lójú wọn.

Kí ni aago wá fi ṣe?

Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà nínú kọ̀ǹpútà, CR2032 ni orúkọ rẹ̀, ó jọ owó ẹyọ. Òun ló ń gbé aago nígbà tí kò bá sí iná. Tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì bá wà lára wáyà, tí iná sì wà, iná yẹn ló ń gbé aago, kódà tí ẹ bá ti pa kọ̀ǹpútà náà. Tí iná ọba bá lọ, bátìrì nìkan ló kù. Ní àdúgbò wa tí iná ti ń ṣe ségesège, bátìrì yìí ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá kú, aago á padà sí ọjọ́ àtijọ́.

Sáfà KMS kì í gba ìbéèrè tí aago rẹ̀ bá fi ju wákàtí mẹ́rin lọ yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu: ọjọ́ ni wọ́n fi ń ka ìfọwọ́sí. Windows alára kì í sì í sábà tún aago ṣe fúnra rẹ̀ tí ìyàtọ̀ náà bá ju wákàtí 15 lọ.

A ra bátìrì, a pààrọ̀ wọn, a tún ọjọ́ ṣe, mo tẹ `slmgr /ato`. Mẹ́sàn-án gbà. Ó ku méjì, aago àwọn yẹn sì dára lójú! Àṣé agbègbè aago wọn wà lórí Pacific ti Amẹ́ríkà, ẹnìkan sì ti fọwọ́ yí aago kó lè bá ti Ṣàgámù mu. Àkókò UTC ni kọ̀ǹpútà ń bá ara wọn sọ. Wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣáájú UTC, Pacific sì fi wákàtí mẹ́jọ wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí méje nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn. Ìyàtọ̀ tó mẹ́sàn-án tàbí mẹ́jọ. A yí i sí West Central Africa, a tún aago ṣe, ó parí.

Àwọn nọ́ńbà míì tẹ́ ẹ lè rí

- 0xC004F074: kọ̀ǹpútà ò rí sáfà bá sọ̀rọ̀. Ẹ wo wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ẹ sì rí i pé firewall ò dí port 1688.
- 0x8007232B: DNS ò mọ ibi tí sáfà wà. Ẹ fi `slmgr /skms` júwe rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ sáfà náà tẹ̀ lé e.
- 0xC004F038: èrò ò tíì pé. Tí ẹ bá da Windows kan kọ sórí kọ̀ǹpútà 30 láìlo `sysprep /generalize`, ẹyọ kan ni sáfà máa ka gbogbo wọn sí.
- 0xC004C008: wọ́n ti lo kọ́kọ́rọ́ náà kọjá iye tó yẹ. Ẹ lọ bá ẹni tó tà á fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀

Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ òkè òkun ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀. Tí sáfà KMS ibẹ̀ bá fọwọ́ sí i kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́wọ́ yín fún oṣù mélòó kan, kó wá dédé kọṣẹ́ nígbà tí ọjọ́ 180 bá pé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tẹ `slmgr /dlv`. Tó bá kọ OEM, tí ìfọwọ́sí sì wà, ó dáa. Tó bá kọ KMSCLIENT, tí ẹ ò sì ní sáfà, ẹ yáa ṣírò owó Windows mọ́ owó kọ̀ǹpútà. `slmgr /xpr` á sọ ọjọ́ tí ìfọwọ́sí máa parí.

Activator ńkọ́?

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe ni pé wọ́n ń gbé ayédèrú sáfà KMS sínú kọ̀ǹpútà yín. Ẹ ti pa antivirus, ẹ ti fún un ní agbára administrator: ohunkóhun tí ẹni tó ṣe é bá tún kó pọ̀ mọ́ ọn, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún un. Ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì tó ń jí password àti èyí tó ń ti fáìlì pa gba ọ̀nà yìí wọlé.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo aago, ẹ wo agbègbè aago, lẹ́yìn náà kí ẹ ka nọ́ńbà àṣìṣe. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, torí òun ló máa sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bátìrì kékeré lè jẹ́ gbogbo ohun tí ẹ nílò.